Tyranid tuntun nínú páálí Combat Patrol: bí a ṣe ń kùn ún àti bí a ṣe ń fi jagun

Ọmọ_Páálí
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Páálí Combat Patrol ti Tyranid, àwọn ẹ̀dá abàmì inú Warhammer 40,000, eré ogun orí tábìlì tí a ń fi ère kéékèèké ṣe, ti wọlé. Winged Tyranid Prime 1, Psychophage 1, Barbgaunt 5, Von Ryan's Leaper 3, Termagant 20 àti Ripper Swarm 2 ló wà nínú rẹ̀. Òfin ẹ̀dà kẹwàá Warhammer 40,000, èyí tó jáde ní 2023, la fẹ́ máa lò. Ẹ là mí lọ́yẹ̀: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dà wo ló máa yá fún ogún Termagant? Báwo ni wọ́n ṣe ń fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ nínú ọ̀rinrin Èkó yìí? Tá a bá sì dé orí tábìlì, kí ni kí n ṣe kí gbogbo wọn má baà kú tán ní ràúńdì kejì?

Ẹ̀mú_àti_Ọ̀bẹ
Kú oríire, àbúrò. Má tíì ṣí ọ̀dà kankan. Gígé àti lílẹ̀ ló kàn. Wá ẹ̀mú kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ́ pẹrẹsẹ, kọ ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ náà sí ara ère, kí o sì fi bíi mìlímítà kan sílẹ̀ nígbà tí o bá ń gé e kúrò lára férémù ike. Ọ̀bẹ lo máa fi gé ìyókù. Bí o bá gé e mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, ike á fà ya, ojú ibẹ̀ á jìn, ọ̀dà kò sì ní bò ó.

Lẹ́yìn náà, wá ìlà tínrín tí mólù fi sílẹ̀ níbi tí apá rẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ìrù, ní itan àti ní orí. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí o fi ha á, nítorí ojú ọ̀bẹ á jẹ ike wọlé. Má fojú kéré ìlà yìí. Bí o bá fẹ́ lo ọ̀dà olómi bíi Contrast, ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn gan-an ni ọ̀dà máa sá jọ sí, ìlà tí o kò rí tẹ́lẹ̀ á wá hàn kedere lẹ́yìn tí o ti kùn ún tán.

Gọ́ọ̀mù ike ni kí o lò, irú Tamiya Extra Thin. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọ́n á fi di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kò fi lè mú irin tàbí resin (ohun mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ère), tí kò sì lè mú ike tí a ti kùn. Kó apá méjèèjì pọ̀ ná, wá fi búrọ́ọ̀ṣì inú ìgò náà kan ojú ìpàdé wọn. Gọ́ọ̀mù á fà wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá kán sórí ike, má nù ún, jẹ́ kó gbẹ. Bí o bá fìka kàn án, àmì ìka rẹ á wà níbẹ̀ títí láé.

Ìyẹ́ Winged Prime nìkan ni mo máa ní kí o fi sílẹ̀ láìlẹ̀ títí o fi máa kùn ún, torí ó máa ń dí ẹ̀yìn mọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Fi búlútáàkì díẹ̀ dí ojú ibi tí o máa lẹ̀ kí ọ̀dà má débẹ̀. Àwọn tó kù, lẹ̀ wọ́n pátá.

Òjò_àti_Ọyẹ́
Fífín ló ń ba ère jẹ́ jù ní ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀.

Ọ̀dà inú agolo ti ń gbẹ láti inú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Tí ẹ bá jìnnà jù, yóò ti di eruku kó tó dé ara ère, ara ère á wá rí ṣákáṣàka bíi sáńpépà. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, á kún gbogbo kòrò, ojú àti eyín á sì parẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ni àyè rẹ̀. Ẹ mi agolo fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn òde ère, kí ẹ gbà á kọjá lórí rẹ̀ wéré, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tó dojú kọ ère tààrà, torí ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ ló máa ń tutọ́.

Ọ̀rinrin wá ńkọ́? Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Tó bá ti kọjá 80%, ẹ gbé agolo sílẹ̀. Àárọ̀ kùtù kò dára ní Èkó, ìrì ṣì wà nílẹ̀. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú, ni ọ̀rinrin máa ń lọ sílẹ̀ jù. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ má tan ara yín jẹ pé ojú ọjọ́ ti mọ́.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀rinrin kì í ṣe ìṣòro mọ́, eruku ló kù. Ẹ wá páálí ńlá kan, ẹ to ère sínú rẹ̀, ẹ fín in nínú ibẹ̀, kí ẹ sì dojú páálí mìíràn bò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Òtútù ni tiyín, ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Manchester. Agolo tó tutù kì í fín dáadáa. Ẹ gbé e sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Mo ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ o! Ẹ má gbé agolo súnmọ́ iná tàbí omi gbígbóná, yóò bú gbàmù.

Ìyá_Tábìlì
Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìbátan rẹ̀ pé kó bá òun kó agolo ọ̀dà wá láti ìlú òyìnbó nínú ẹrù. Wọn kì í jẹ́ kí agolo ọ̀dà fífín wọ ọkọ̀ òfuurufú, ì báà jẹ́ báàgì ọwọ́ tàbí èyí tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á gbà á ni.

Èyí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ni kí ẹ béèrè fún: Vallejo Surface Primer, olómi ni, ó wà nínú ìgò onírọ́bà. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má jẹ́ kó nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí tí kò bá tíì gan dáadáa, èékánná lásán á bó o bí awọ. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ ike náà, pàápàá àwọn resin, nítorí òróró mólù àti ti ìka wa kì í jẹ́ kó mú.

Ọ̀dà_Ẹ̀ẹ̀kan
Ogún Termagant kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Contrast ni kí ẹ lò, Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ni Warhammer, ló gbé e jáde ní 2019 fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ó máa ń ṣàn wọ inú kòrò, á dúdú níbẹ̀, á sì fẹ́rẹ́ ní ibi tó yọ sókè, nítorí náà òjìji àti ìmọ́lẹ̀ á wà lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí ni mo ń dá lábàá, ó sún mọ́ àwọ̀ Hive Fleet Leviathan, ọ̀kan lára àwọn ọ̀wọ́ ogun Tyranid:

Ẹ fi Wraithbone, ọ̀dà aláwọ̀ egungun, fín gbogbo rẹ̀. Agolo kan tó fún páálí yìí, ó sì máa ṣẹ́kù.

Ẹ kùn gbogbo ara pẹ̀lú Skeleton Horde, títí kan ẹ̀yìn. Búrọ́ọ̀ṣì tó tóbi díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kó rin dáadáa. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ẹ wo abẹ́ ikùn àti àtẹ́lẹsẹ̀: ibi tí ọ̀dà bá ti kóra jọ bí adágún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti nù gbẹ fà á kúrò. Tí ẹ bá ní ẹ óò tún un ṣe nígbà tó bá ti ń gbẹ, yóò fi àmì sí i lára.

Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì líle bọ inú Wraithbone ti inú ìgò, ẹ nù ún sára tíṣù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹ wá máa fi gbá ara ère wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Eyín, egungun ìhà àti orí ìka á mọ́lẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ ṣe é, ṣáájú ẹ̀yìn aláwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá yí i padà á fi funfun ya gbogbo ẹ̀yìn náà.

Shyish Purple ló kàn fún ìgbá ẹ̀yìn àti orí. Bó bá ta sí ara, Wraithbone inú ìgò náà lẹ óò fi bò ó, kí ẹ tún kan Skeleton Horde díẹ̀. Black Legion fún èékánná àti pátákò, Volupus Pink fún ahọ́n àti àpò ara ìbọn. Tí ẹ bá ṣì lágbára, ẹ fi Genestealer Purple fa ìlà kéékèèké láti etí ìgbá wọ inú, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìgbá kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fò ó fún Termagant. Prime àti Psychophage ni kí ẹ ṣe é fún, àwọn ni ojú alátakò máa ń wò.

Ẹ pín ogún náà sí ọ̀nà méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ fi àwọ̀ kan kùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí ẹ tó ṣí ìgò mìíràn. Nígbà tí ẹ bá dé ìkẹwàá, èkíní ti ń gbẹ.

Dúdú_Funfun
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, àmọ́ ọ̀nà míì wà tó dínwó ju èyí lọ. Ẹ fi dúdú fín in, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a pẹ̀lú eérú, kí ẹ tún fi funfun gbá a láti òkè nìkan. Kí ẹ wá fi Contrast bò ó. Òjìji ti wà nílẹ̀ kí ọ̀dà tó débẹ̀, agolo dúdú sì wà káàkiri.

Ọ̀dà_Ẹ̀ẹ̀kan
Ó dára fún àwọ̀ tó jinlẹ̀. Fún awọ pupa àti ìgbá búlúù ti Hive Fleet Behemoth, mo lè fara mọ́ ọn: Blood Angels Red àti Ultramarines Blue lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ egungun lórí dúdú máa ń dà bí ohun tó dọ̀tí. Leviathan kò bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ agolo "tó wà káàkiri" yẹn náà: agolo ọ̀dà mọ́tò kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fín in sára férémù ike tí ẹ ti gé ère kúrò lára rẹ̀. Òmíràn lágbára débi tó fi ń yọ́ ike. Férémù ni kó bàjẹ́, kó má jẹ́ Psychophage.

Ọmọ_Páálí
Ẹ ṣé gan-an. Mo lè fi omi là Contrast tó bá ki jù?

Ọ̀dà_Ẹ̀ẹ̀kan
Rárá o. Contrast Medium ni kí ẹ fi là á. Omi máa ń tú ohun tó ń mú un ṣàn, yóò wá gbẹ ní abala abala, pẹ̀lú òrùka ní etí. Fún ọ̀dà lásán bíi Wraithbone inú ìgò, omi dára.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà lásán máa ń gbẹ lórí búrọ́ọ̀ṣì kó tó dé ara ère. Ẹ wá abọ́ ike tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ tíṣù tó rin sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì lé e. Bébà yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ìda pa o. Ìda kì í jẹ́ kí omi gòkè. Lórí rẹ̀ ni kí ẹ máa po ọ̀dà. Tí ẹ bá dé e, yóò wà ní tútù di ọjọ́ kejì.

Ìyá_Tábìlì
Ìsàlẹ̀ ère wá kàn. Yanrìn tó mú, èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, ni kí ẹ mú. Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí òkúta ńlá kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, iyọ̀ náà á yọ funfun jáde lára ọ̀dà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, Top Bond, pa orí ìsàlẹ̀ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú yanrìn, ẹ gbọn èyí tó kù dànù. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ po gọ́ọ̀mù náà mọ́ omi ní ìwọ̀n kan sí ìkan, kí ẹ kán an lé e lórí. Ẹni tó fo ibi tí mo sọ kẹ́yìn yìí á máa rí yanrìn lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà tó bá ṣeré. Ẹ fi Abaddon Black kùn etí ìsàlẹ̀ yíká. Kékeré ló jọ, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí ère rí bí ohun tó ti parí.

Fáníìṣì pọn dandan lórí Contrast, ìka máa ń pa á rẹ́ ní ṣóńṣó èékánná àti ẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn oníbúrọ́ọ̀ṣì tí kì í dán. Ẹ mì í gan-an, torí ohun tí kì í jẹ́ kó dán ti sùn sísàlẹ̀ ìgò. Ẹni tí kò bá mì í á rí ère tó ń dán tàbí tó ní funfun funfun. Tí ẹ bá lo ti agolo nígbà òjò tí ìkùukùu funfun bò ó, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ fi fáníìṣì dídán kùn ún, ìkùukùu á lọ, kí ẹ tó tún fi èyí tí kì í dán lé e.

Ẹ̀mú_àti_Ọ̀bẹ
Tí ẹ bá sì fẹ́ bó ọ̀dà kúrò pátápátá, isopropyl alcohol ni. Acetone àti omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ máa yọ́ ike Tyranid di ẹ̀kọ. Mo sọ ọ́ síta torí ìyẹn ló sún mọ́ ọwọ́ jù nínú ilé.

Dáìsì_Mẹ́fà
Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọ̀dà tó. Ẹ jẹ́ ká jagun.

Combat Patrol ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, àbúrò. Kò sí ìṣirò póìǹtì níbẹ̀, ohun tó wà nínú páálí ni ẹgbẹ́ ogun rẹ, òfin rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Games Workshop. Tábìlì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 44 sí 30, bíi sẹ̀ǹtímítà 112 sí 76, tábìlì ìjẹun lásán á gbà á. Ti ogun 2,000 póìǹtì jẹ́ 44 sí 60. Má ra nǹkan míì títí wàá fi mọ bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Tyranid ni pé wọ́n rò pé Termagant wá láti pa èèyàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú òfin 40k gangan. Termagant mẹ́wàá yìnbọn fleshborer sí àwọn Intercessor, ọmọ ogun Space Marine. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ọta kan, dáìsì tó bá mú 4 sókè ló ń bà. Márùn-ún bà. Agbára 5 sí líle 4, 3 sókè ló ń wọlé: mẹ́ta àti díẹ̀. Ìhámọ́ra wọn ń gbà á ní 3 sókè, nítorí náà ọ̀kan péré ló kọjá. Intercessor kan sì ní ẹ̀mí méjì. Odidi Termagant mẹ́wàá yìnbọn, ẹnìkan ò kú.

Wá wo òdìkejì rẹ̀. OC Termagant, ìyẹn agbára rẹ̀ láti gba àmì tó wà lórí tábìlì, jẹ́ 2, ti Intercessor náà jẹ́ 2. Mẹ́wàá dúró lórí àmì, 20 nìyẹn. Intercessor márùn-ún jẹ́ 10. Ìwọ lo ni àmì náà. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n dúró, kí wọ́n kú díẹ̀díẹ̀, kí o máa gba póìǹtì lọ.

Kí wọ́n lè dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú íǹṣì 6 sí Winged Prime, torí òun ló ní Synapse, agbára èrò tó ń mú àwọn Tyranid yòókù dúró gírí. Tí iye tó kù nínú ẹgbẹ́ kò bá tó ìdajì mọ́, wọ́n á ju dáìsì fún Battle-shock, ìdánwò ìgboyà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó kàn ẹ́. Bí wọ́n bá kùnà, OC wọn di 0, àmì ti bọ́ nìyẹn. Termagant nílò 8. Pẹ̀lú dáìsì méjì, 42% ni. Nínú Synapse, dáìsì mẹ́ta ni, ó di 84%. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pariwo nígbà tí ẹnì kan bá rán Prime lọ jà nìkan ní igun tábìlì ní ràúńdì kìíní torí pé ó lè fò.

Máa ṣọ́ àlàfo àárín wọn náà. Ère kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú íǹṣì 2 sí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ bá ti tó méje sókè, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ méjì. Ẹni tó bá tò wọ́n ní ìlà gbọọrọ kan, pẹ̀lú àlàfo íǹṣì 2 láàárín wọn, àwọn tó wà ní ìkángun méjèèjì ti rú òfin. Nígbà tó o bá sì ń yọ àwọn tó kú, yọ ọ́ láti etí. Tó o bá yọ ti àárín, ẹgbẹ́ á pín sí méjì, ní òpin ọwọ́ náà wàá tún máa yọ àwọn alààyè títí wọ́n á fi so pọ̀.

Ìyá_Tábìlì
Leaper ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò wọ́n sódì.

Dáìsì_Mẹ́fà
Infiltrators ni wọ́n, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ níwájú, ní ibi tó ju íǹṣì 9 lọ sí ọ̀tá àti sí àgbègbè tó ti ń to ogun rẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n kọlu ẹnikẹ́ni ní kíá. Wọ́n ní Fights First: ẹni tó bá sáré kọlù wọ́n, àwọn náà á jà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìpele àwọn tó ń kọ́kọ́ jà. Fi wọ́n sẹ́yìn ògiri tó sún mọ́ àmì àárín, alátakò á máa ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó wá. Barbgaunt á máa yìnbọn láti ẹ̀yìn; ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n bá bà, ìrìn rẹ̀ àti ìkọlù rẹ̀ á fi 2 dínkù. Èyí dùn ju iye tí wọ́n ń pa lọ.

Fún ìkọlù, dáìsì méjì ni. Íǹṣì 9 jẹ́ 28% péré. Tó o bá fi CP (póìǹtì àṣẹ) kan ra Command Re-roll, ìyẹn àǹfààní láti tún dáìsì jù, ó di bíi 48%. Íǹṣì 7 jẹ́ 58%. Nítorí náà, rìn sún mọ́ ọn ná kó o tó ní o fẹ́ kọlù ú.

Dúdú_Funfun
Ẹ fi nǹkan kún orí tábìlì o. Tábìlì gbayawu ni Termagant ń kú sí. Páálí bàtà tí a gé fèrèsé sí, agolo mílíìkì tí a fín ní eérú, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé ilé méjì ó kéré tán wà láàárín tí ojú kò lè là kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ lè gba inú ògiri ahoro kọjá, Psychophage kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ọmọ_Páálí
Ọ̀rẹ́ tí a jọ fẹ́ ṣe é kò ní páálí kankan. Àti pé, ṣé dandan ni kíkùn kí a tó fi ère ṣeré?

Ìyá_Tábìlì
Fún ọ̀rẹ́ yẹn, Grimdark Future ti OnePageRules. Òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ère ilé iṣẹ́ èyíkéyìí ló sì gbà. Ẹ pín páálí yín sí méjì, kí ẹ fi Termagant àti Leaper kọ Psychophage àti ìyókù. Tí ó bá wà ní ìlú òyìnbó, kó wọ ṣọ́ọ̀bù Warhammer kan. Wọ́n máa ń fún ẹni tuntun ní ère kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì kọ́ ọ bí a ṣe ń kùn ún. Ère Games Workshop nìkan ni wọ́n ń gbà lórí tábìlì ibẹ̀, kó má gbé èyí tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ lọ.

Dáìsì_Mẹ́fà
Nílé, kò sí dandan. Níbi ìdíje, póìǹtì 10 nínú 100 wà fún ẹgbẹ́ ogun tó bá ti Battle Ready: àwọ̀ lórí gbogbo ibi tó ṣe kókó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì parí. Mo ti rí ìdíje tí wọ́n fi póìǹtì mẹ́ta gbé. Bí o bá kùn ún bí Ọ̀dà_Ẹ̀ẹ̀kan ṣe wí, tó o sì fi yanrìn sí i, o ti ní 10 yẹn kó o tó ju dáìsì. Fi Ripper méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àwọ̀ rẹ, àwọn ló kéré jù.